Bàbá Àjíṣafẹ́ Tó Ń Fi Ohùn Jẹ́jẹ́ Borí Ariwo

Títí di òní, bí ẹ bá dé Ìrẹmọ nílùú Ilé-Ifẹ̀, tí ẹ béèrè bí iná ṣe padà sí àdúgbò náà, ìtàn Olóògbé Bàbá Àjíṣafẹ́ àti máìkì ni wọ́n máa kọ́kọ́ sọ fún yín. Tiransifọ́mà àdúgbò ti jóná tipẹ́. Àwọn oníná ń ṣèlérí, òkùnkùn sì ń pọ̀ sí i. Nígbà tí ọ̀gá wọn gbà láti wá bá àwọn ará àdúgbò ṣèpàdé nínú gbọ̀ngàn, gbogbo èèyàn ló fẹ́ sọ̀rọ̀, gbogbo wọn ló sì ń pariwo. Ẹni tó bá ti gba máìkì á lọgun, máìkì á han, ọ̀gá á sì wo aago ọwọ́ rẹ̀.

Ó wá kan Bàbá Àjíṣafẹ́, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n gbé máìkì fún un, ó dá a padà. Ó ní ara òun le, kò tíì di dandan kí irin máa gbẹnu òun sọ̀rọ̀. Ó dìde, ó dúró, kò sì sọ nǹkan kan. Ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó tún dákẹ́. Màmá Comfort, ìyàwó rẹ̀, tó jókòó lẹ́yìn, rò pé ọ̀rọ̀ ti fò ó lórí, ló bá bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Àwọn tó ń pariwo náà bẹ̀rẹ̀ sí í pa ara wọn lẹ́nu mọ́, torí wọ́n fẹ́ mọ ohun tó ń ṣe bàbá.

Ìgbà yẹn ló tó sọ̀rọ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń bá àlejò sọ̀rọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó kí ọ̀gá náà kú ìrìn. Ó sọ fún un pé ìyàwó kan bímọ ní ilé tó kọjú sí tòun, iná fóònù ni wọ́n fi gbẹ̀bí rẹ̀. Agbẹ̀bí ní kí ọkọ di fóònù náà mú dáadáa. Ọkọ rí ẹ̀jẹ̀, ó dákú, fóònù ṣubú, inú òkùnkùn lọmọ sì wá sáyé.

"Ọmọ náà ti ń rákò báyìí, ọ̀gá," ni bàbá wí. "Ó máa ń wo gílóòbù tó wà lájà. Ó rò pé ohun ọ̀ṣọ́ ni."

Ọ̀gá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó sorí kọ́. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, tiransifọ́mà tuntun ti dé Ìrẹmọ. Gbogbo àdúgbò hó yèè, àfi ọmọ yẹn nìkan, tí ẹ̀rù bà, tó fi ẹkún kí iná káàbọ̀.

Wọn ò bí ohùn yẹn mọ́ bàbá. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di tíṣà, ariwo ló máa ń pa, débi pé kíláàsì ẹ̀gbẹ́ ló ń gbọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì tiẹ̀ ti di etí. Ọjọ́ tí ohùn rẹ̀ há, tó wá ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ló rí i tí wọ́n tẹ́tí sílẹ̀. Láti ìgbà náà ló ti ń kọ́ bí èèyàn ṣe ń mí láti inú ikùn, bí èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ tí kò ní gbé ìparí rẹ̀ mì.

Oko kòkó rẹ̀ lọ́nà Ẹdúnàbọ̀n ló ti ń fi dánra wò. Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan tó ń kọjá lọ gbọ́ ẹnì kan nínú oko tó ń sọ pé kí gbogbo àwọn tó dúró síbẹ̀ fọkàn balẹ̀, kò sẹ́ni tó máa kú. Ó sáré lọ pe àwọn fijilanté. Wọ́n yọ́ wọlé tìbọntìbọn, wọ́n bá bàbá níbi tó kọjú sí àwọn igi kòkó, tó ń bá wọn sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá èrò sọ̀rọ̀. Bàbá fọwọ́ júwe ilẹ̀ fún wọn kí wọ́n jókòó, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Wọ́n jókòó. Nígbà tó parí, olórí wọn béèrè ipò tó ń dù. Bàbá ní òun ò du ipò kankan, àwọn tí kò ní pàtẹ́wọ́ kí òun tó parí ọ̀rọ̀ lòun ń wá.

Hàlímàt, aránṣọ kan ní Mọdákẹ́kẹ́, ló du ipò ní tiẹ̀. Ó fẹ́ di alága ẹgbẹ́ aránṣọ, ṣùgbọ́n Tiwaladé tí wọ́n jọ ń dù ú ní ohùn bí ẹ̀rọ ìlọta, ohùn Hàlímàt kì í sì í kọjá ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ló bá wá bá bàbá.

"Bàbá, ohùn mi ò tó nǹkan," ló wí.

"Ohùn rẹ tó. Èémí ni o ò fún un jẹ."

Bàbá ní kó dúró ní ìpẹ̀kun kan nínú àgbàlá òun, òun náà jókòó sí ìpẹ̀kun kejì, kó máa pe òun wá jẹun láìpariwo. Òun ò ní dìde àfi tí òun bá gbọ́ ọ. Ọjọ́ àkọ́kọ́, iyán tí Màmá Comfort gún tutù. Ọjọ́ kejì, ó le gbagidi. Màmá bínú, ó ní kí wọ́n kúkú yan ọmọ náà sípò kí ebi tó pa ọkọ òun.

Lọ́jọ́ ìdìbò, Tiwaladé lọgun títí ohùn fi lọ lẹ́nu rẹ̀. Hàlímàt dìde, ó mí kanlẹ̀, ó wo ìyá arúgbó kan tó wà lẹ́yìn pátápátá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀ nípa àwọn aránṣọ tó ti darúgbó tí ẹgbẹ́ ò rántí mọ́. Kò sẹ́ni tí kò gbọ́. Nígbà tí wọ́n kéde pé òun ló wọlé, bàbá tó ní ká má pariwo fò sókè, ó ké débi pé ohùn rẹ̀ há, ọwọ́ ló fi kí Hàlímàt kú oríire.

Ọyẹ́ tó kọjá yìí ni bàbá sùn, tí kò jí mọ́. Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn èèyàn kún ilé rẹ̀, wọ́n ń sọ ìtàn rẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Hàlímàt alága wá jókòó ti Màmá Comfort, ó ní àánú màmá ń ṣe òun, pé ilé á wá dákẹ́ rọ́rọ́ báyìí.

Màmá rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní bàbá kì í sọ̀rọ̀ nílé rárá. Tí òun bá ti tọjà dé, á fa àga sún mọ́ òun, á ní kí òun sọ bí ọjọ́ ṣe rí, kò sì ní já lu ọ̀rọ̀ òun títí òun á fi sọ ọ́ tán.

"Ẹ̀yin lẹ ni ohùn rẹ̀," ni Màmá wí. "Èmi ni mo ni etí rẹ̀."