Ọkọ̀ Tó Gbàgbé Omi

Òórùn ọ̀dà ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin kan ń tún òrùlé ilé tó múlé ti wa ṣe níhìn-ín ní Aké, wọ́n gbé agolo ńlá ka iná, wọ́n ń yọ́ ọ̀dà dúdú tí wọ́n fẹ́ fi dí ibi tó ń jò. Èéfín rẹ̀ gba ojú fèrèsé wọlé wá bá èmi àti Wúnmi àbúrò mi nínú pálọ̀, níbi tí a jókòó sí bí aláìsàn méjì tó ń dúró de dókítà. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni Wúnmi dé láti ìlú òyìnbó, lẹ́yìn ọdún gbọọrọ tí n kò tiẹ̀ fẹ́ kà. Kó tó dé, ọ̀rọ̀ kún inú mi débi pé mi ò mọ èyí tí màá kọ́kọ́ sọ. Ó dé tán, a kí ara wa ẹ kú ilé, ẹ kú ìrìn, ọ̀rọ̀ bá tán. Ó ń wo fóònù, èmi ń wo ògiri. Láàárọ̀ ọjọ́ náà ló ní òun á kó lọ sí òtẹ́ẹ̀lì kan ní Òkè-Ìléwó, kí òun má baà máa ni mí lára. Ni mí lára kẹ̀! Àbúrò tí mo pọ̀n! Inú bí mi gan-an, mo kàn pa ẹnu mọ́ ni. Báàgì rẹ̀ sì ti wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ìgbà náà ni òórùn ọ̀dà yẹn wọlé. Àwa méjèèjì gbé imú sókè lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ẹ̀gbọ́n mi," Wúnmi wí, "Láfẹ́nwá."

N kò bi í pé kí ló dé Láfẹ́nwá.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ jókòó dáadáa kí n sọ ọ́ fún yín. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, bàbá wa ní ọkọ̀ ojú omi kan. Ẹ má rò pé ọkọ̀ tí àwọn apẹja ń fi àjẹ̀ wà ni mò ń wí o. Ọkọ̀ onípákó ni, tó ní ẹ́ńjìnnì, tó sì ní yàrá lórí: bẹ́ẹ̀dì tóóró méjì, fèrèsé rìbìtì rìbìtì, kọ́bọ́ọ̀dù kékeré, àti ibi tí wọ́n ń gbé sítóòfù lé. Tíṣà ni bàbá wa. Òyìnbó kan tó ń padà sílùú rẹ̀ ló fa ọkọ̀ náà lé e lọ́wọ́, nítorí pé nínú gbogbo àwọn tó ń gba ibẹ̀ kọjá, Bàbá nìkan ló máa ń dúró kí ọkọ̀ náà bí ẹni ń kí àgbàlagbà. Ó ti pẹ́ tó ti wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ létí odò Ògùn ní Láfẹ́nwá, nítòsí afárá rélùwéè. Ewúrẹ́ ti ń bímọ sínú rẹ̀.

Ohun tí Bàbá kọ́kọ́ ṣe ni pé ó kọ orúkọ sí i lára gàdàgbà: ÀBẸ̀KẸ́. Oríkì ìyá rẹ̀ ni, Ìyá Àgbà wa. Wàhálà dé nìyẹn. Ọmọ wo ló máa la ẹnu pe oríkì ìyá bàbá rẹ̀? Bàbá á ní, "Ẹ lọ gbá inú Àbẹ̀kẹ́," a ó sì lọ gbá a, ṣùgbọ́n bí a bá dé, "ọkọ̀ yẹn" la ó pè é. Wúnmi, tí ẹnu rẹ̀ ò gbé jẹ́ẹ́ rí, dán an wò lẹ́ẹ̀kan. Ó ní, "Àbẹ̀kẹ́ ti dọ̀tí." Àfi bí Ìyá Àgbà ṣe dáhùn láti inú yàrá: "Ta ló ń pè mí? Ta ló dọ̀tí?" Wúnmi fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ gba ẹ̀yìnkùlé, kò wá jẹun ọ̀sán.

Nítorí Ìyá Àgbà ni Bàbá ṣe ń tún ọkọ̀ náà ṣe. Ẹ̀gbọ́n kan ṣoṣo ló kù fún Ìyá Àgbà láyé, tí a máa ń pè ní Ìyá Ìsàlẹ̀ Odò, nítorí pé abúlé kan nísàlẹ̀ odò, ní ìkọjá Àrò, ló ń gbé. Mọ́tò kì í dé ibẹ̀ nígbà náà. Ọ̀nà ẹsẹ̀ inú igbó ni, orúnkún Ìyá Àgbà ò sì gbà á mọ́. Ojú omi ló kù. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ odò wa: nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òkúta á yọrí káàkiri inú rẹ̀, ọkọ̀ ńlá ò lè kọjá. Ìgbà tí òjò bá kún un nìkan ló ṣeé gbà. Obìnrin ẹlẹ́ja kan ló mú iṣẹ́ wá láti abúlé yẹn lọ́dún náà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n yín ò le. Wọ́n ní bí Àbẹ̀kẹ́ bá fẹ́ rí àwọn, kó má jẹ̀ẹ́ kí odò tọdún yìí fà kó tó wá." Ìyá Àgbà yíjú sí Bàbá, Bàbá sì wolẹ̀.

Gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn la fi wà lẹ́nu iṣẹ́. Bí Bàbá bá ti dé láti ilé ìwé, á bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀, á wọ ṣòkòtò tó ti ya, ó di Láfẹ́nwá. Èmi àti Wúnmi la ń fi àfọ́kù ìgò họ péńtì àtijọ́ kúrò, tí a ó tún fi sáńpépà ra ojú pákó títí orí ìka wa á fi máa jó wa. Bàbá yọ pákó tó ti jẹrà nídìí ọkọ̀, ó fi ìrókò dípò wọn. Ọyẹ́ ti fẹ́ pákó tó kù gbẹ débi pé ìka mi ń wọ àárín wọn. Òwú ni wọ́n fi ń dí irú àlàfo bẹ́ẹ̀, Ìyá Àgbà ló sì ń ran òwú náà. Á jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé wa, á máa ran án lójoojúmọ́, bí ẹni pé aṣọ ìyàwó ló fẹ́ fi hun. Bàbá á wá fi irin tẹ òwú náà sáàárín pákó, á máa fi òòlù gbá a, kọ́, kọ́, kọ́, lẹ́yìn náà á da ọ̀dà gbígbóná lé e. Ọ̀dà wọ irun wa, ó wọ èékánná wa. Kẹrosín ni ìyá wa fi ń fọ̀ wá lórí ní alẹ́ Sátidé, tí a ó fi máa rùn bí àtùpà nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ kejì.

Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ wà lọ́wọ́ Bàbá Rafíù, mẹkáníìkì tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Láfẹ́nwá, ọ̀rẹ́ Bàbá. Ó ti tú u palẹ̀, ó ti fọ̀ ọ́, ó ti tún un tò, ó ń dún kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Lẹ́yìn ìrun alásárì ló máa ń wá wo iṣẹ́ wa, á ti ọwọ́ sẹ́yìn, á máa yí ọkọ̀ ká. "Tíṣà," á ní, "ẹ́ńjìnnì tèmi ò ní wọ inú ọkọ̀ tó bá ń jò o. Mi ò kọ́ ẹ́ńjìnnì náà ní bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́."

Òjò dé, odò kún. Lọ́jọ́ tí a fẹ́ gbé e sómi, Láfẹ́nwá tú jáde. Àwọn géńdé to igi róbótó sílẹ̀, wọ́n ń ti ọkọ̀ lé e lórí, wọ́n ń kígbe. Àbẹ̀kẹ́ wọ odò pẹ̀lú ẹwà, funfun báláú. Inú mi dùn débi pé mo sunkún. Ká tó ṣẹ́jú, omi ti ń tú wọ inú rẹ̀ láti gbogbo ojú pákó. "Ó ń jò! Ẹ fà á o!" ni Bàbá ń ké. Wọ́n bá fà á jáde.

Bàbá tún tẹ òwú, ó tún da ọ̀dà. A gbé e padà, ó jò, a fà á jáde. A tún gbé e lọ. Ó tún jò. Ẹnikẹ́ni tó bá ti rí bí ojú ṣe ń ti tíṣà níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ á mọ ìdí tí Bàbá fi ń yára fà á jáde bí omi bá ti kàn án. Àwọn ará Láfẹ́nwá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé kí wọ́n kúkú gbé Tíṣà lọ sí Àrò. Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ ló wà ní Àrò. Òjò ti ń dín kù nígbà náà. Ìyá Àgbà ò ráhùn, ṣùgbọ́n láràárọ̀ ló máa ń bi wá pé, "Odò ńkọ́?" Mo kórìíra ìbéèrè yẹn, nítorí mo ti rí orí òkúta kan tó ti ń yọ díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ afárá.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, Bàbá fẹ́ la igi. Ó mú àáké tó ti wà lórí àjà láti ẹ̀ẹ̀rùn wálẹ̀, ó rí i pé orí rẹ̀ ń mì, ó ri orí rẹ̀ bọ inú korobá omi bó ṣe máa ń ṣe, ó sì jókòó ti iṣu rẹ̀. Ìyá Àgbà gbójú sókè nídìí òwú.

"Akànní, kí ni àáké ń ṣe nínú omi?"

"Igi rẹ̀ ló gbẹ, Màámi. Bó bá mu omi, á wú, á di irin mú."

"Ẹ̀n-ẹ́n," ni Ìyá Àgbà wí. "Àáké lo fún lómi."

Ó padà sídìí òwú rẹ̀. Iṣu dúró lẹ́nu Bàbá. Ó wo korobá, ó wo ìyá rẹ̀, ó tún wo korobá. Ó bá fò dìde, ó wọ bàtà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, eré ló bá dé Láfẹ́nwá. Gbogbo ọmọ Ẹ̀gbá ló mọ̀ pé omi la fi ń wo igi tó gbẹ sàn. Bàbá náà mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n torí pé ọkọ̀ ti ọ̀dọ̀ òyìnbó wá, ó ti gbàgbé pé igi náà ni.

Wọ́n gbé Àbẹ̀kẹ́ sómi lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, wọ́n fi okùn so ó mọ́ igi, Bàbá sì ká ọwọ́ gbera. Omi wọlé, Bàbá ò ké pé kí wọ́n fà á. Ọkọ̀ rì títí ó fi ku òrùlé yàrá rẹ̀ nìkan lókè. Wúnmi ń sunkún pé ọkọ̀ wa ti kú. Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín pé Tíṣà ti ṣe ìrìbọmi fún ọkọ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọmọ ìjọ tó kàn ń wọ́n omi díẹ̀ síni lórí ni Tíṣà fúnra rẹ̀. Ìyá Àgbà ló pè wá jókòó nírọ̀lẹ́. "Ó ti pẹ́ lórí ilẹ̀," ó ní, "ó ti gbàgbé omi. Bó bá sì ti fẹ́ máa rántí, ẹ ó fà á jáde. Ẹ fi í sílẹ̀."

A fi í sílẹ̀. Nígbà tó yá, a fi korobá gbọ́n omi inú rẹ̀ títí ọwọ́ fi bó wa, a sì dúró, a ń wò ó. Omi ò wọlé mọ́. Pákó ti wú, ó ti di òwú Ìyá Àgbà mú pinpin. Bàbá Rafíù fi àtẹ́lẹwọ́ pa ìdí ọkọ̀ káàkiri, ó ní, "Alhamdulilahi," ó ní kí wọ́n lọ gbé ẹ́ńjìnnì wá.

Bàbá pọn ìyá rẹ̀ wọ ọkọ̀. Àní ó pọ̀n ọ́n sẹ́yìn bí ọmọ, tí Ìyá Àgbà ń gbá a lórí pé kó rọra. A rọra kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta tó ti yọrí. Bí a ṣe dé Àrò, Bàbá bọ́ fìlà, ó kígbe sí etí odò pé, "Ẹ bá mi sọ fún wọn ní Láfẹ́nwá pé mo ti dé Àrò o!" Bàbá Rafíù rẹ́rìn-ín débi pé a rò pé á ṣubú sómi.

Wọ́n gbé Ìyá Ìsàlẹ̀ Odò wá bá wa nínú ọkọ̀, ó ti rù gan-an. Ó jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì kan, Ìyá Àgbà jókòó lórí èkejì, orúnkún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra. Wọn ò sọ̀rọ̀. Ó pẹ́ o, wọn ò sọ̀rọ̀. Ara Bàbá ò gbà á, ó fẹ́ bá wọn dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀, Ìyá Àgbà gbé ọwọ́ sókè pé kó dákẹ́. Omi ń lu ara ọkọ̀ pẹ́pẹ́. Nígbà tó pẹ́ títí, ẹ̀gbọ́n wo àbúrò láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní:

"Àbẹ̀kẹ́, ẹsẹ̀ ẹ ti wú."

Ìyá Àgbà bú sẹ́rìn-ín, ẹkún sì tẹ̀ lé e. Láti ìgbà náà títí oòrùn fi wọ̀, àwọn méjèèjì ló ń sọ̀rọ̀, ẹlòmíì ò ráyè dá sí i. Ìyá Ìsàlẹ̀ Odò ò rí òjò ọdún tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí ìròyìn dé, Ìyá Àgbà sunkún, ó nu ojú, ó ní, "Mo ṣáà rí i."

Ọkọ̀ náà ti jẹrà tipẹ́. Ilé ti gba etí odò níbi tí a ti ń yọ́ ọ̀dà, mọ́tò sì ń lọ sí abúlé yẹn báyìí kí ẹ tó mọ̀. Àwọn tó ń gba orí afárá kọjá, ojú fóònù ni wọ́n ń wò, kì í ṣe odò. N kò dá wọn lẹ́bi, ọ̀nà wọn yá ju tiwa lọ. Ṣùgbọ́n igi ò yí padà, èèyàn náà ò yí padà. Ohun tó bá pẹ́ lórí ilẹ̀ á kọ́kọ́ jò.

Òórùn ọ̀dà ṣì wà nínú pálọ̀. Mo ti fẹ́ la ẹnu sọ̀rọ̀ òtẹ́ẹ̀lì yẹn, kí n bi Wúnmi bóyá ilé bàbá rẹ̀ ló ń rùn. Mo gbé e mì. Mo jókòó, mo jẹ́ kí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà wà bó ṣe wà. Ilẹ̀ ń ṣú lọ. Àwọn ọmọkùnrin orí òrùlé ti palẹ̀ irinṣẹ́ wọn mọ́. Wúnmi gbé fóònù rẹ̀ sílẹ̀, ó dojú rẹ̀ bolẹ̀ lórí tábìlì, ó wo ojú mi, ó wo ọwọ́ mi, ó wá wo ìsàlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "ẹsẹ̀ yín ti wú."