Imú Bàbá Rẹ̀

Òórùn òrí àti èéfín igi tútù ni mo fi ń rántí yàrá ìyá ọkọ mi ní Ẹdẹ, ní àsìkò ọyẹ́ ọdún tí mo bí àkọ́bí mi. Rélùwéè ò tíì pẹ́ ní ìlú wa nígbà náà, ibẹ̀ ni ọkọ mi sì ti ń ru ẹrù. Eruku ibẹ̀ pẹ̀lú ọyẹ́ dí i nímú pa. Olóògùn ìjọba fún un ní omi oògùn nínú ìgò kékeré, ó ní kó máa kán an sí imú fún ọjọ́ díẹ̀ péré, kó má sì fún ẹlòmíì lò.

Oògùn náà kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ dáadáa, ọ̀rẹ́ mi, ṣùgbọ́n ọkọ mi ò jáwọ́. Bó bá kán an láàárọ̀, tó bá fi máa di ọ̀sán, imú á tún ti dí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, á tún sáré mú ìgò. Ó ń kọ mí lóminú, mi ò kàn mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, imú ọmọ wa náà dí. Tó bá ti ki ẹnu bọ ọmú, á tún tú u sílẹ̀, á máa mí gúlegúle, á ké. Ìyá ọkọ mi gbé e lé ẹsẹ̀, wọ́n na ọwọ́ sí ìgò ọkọ mi.

“Ìyá, olóògùn ní kí ẹlòmíì má lò ó o.”

“Ìyàwó, ṣé o ò rí i pé imú bàbá rẹ̀ gan-an ló gbé wá ni? Ohun tó la ti bàbá á la ti ọmọ.”

Òótọ́ ni pé imú yẹn jọra. Gbogbo agbo ilé ló ti ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Kí ni ìyàwó tuntun fẹ́ fi já irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? Ìyá ọkọ mi ti ṣí ìgò. Mo rántí imú ọkọ mi, bó ṣe ń là tó tún ń dí, mo ní bó bá jẹ́ ti ìkókó yìí ńkọ́? Ẹ̀rù náà wá ju ìtìjú lọ. Mo kúnlẹ̀, mo gba ọmọ lẹ́sẹ̀ wọn, mo fi ẹnu bo imú rẹ̀, mo sì fà á. Ikun bọ́ sí mi lẹ́nu, ó níyọ̀. Mo tu ú dànù, mo tún fà á. Ọmọ dákẹ́. Ló bá sín, ló bá ń wá ọmú kiri.

Ìyá ọkọ mi dé ìgò padà, wọ́n sì fi í pamọ́ sábẹ́ ẹní. Nígbà tí ọkọ mi dé nírọ̀lẹ́, wọ́n na ìgò sí i. “Ìyàwó rẹ ní imú ìwọ àti ọmọ rẹ ò jọra.” Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, ara mi sì tó wálẹ̀.

Ọmọ yẹn ti di bàbá ọlọ́mọ báyìí. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé mo ti kúrò ní ìyàwó lásán nínú ilé yẹn, mo ti di ìyá ẹnìkan. Bí àwọn èèyàn bá ní imú bàbá rẹ̀ ló gbé wá, n kì í jà. Imú bàbá rẹ̀ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnu mi ló là á.