Iyọ̀ Tí Mo Gbà Lọ́wọ́ Ìyàwó Mi

Mo rántí ìgbà tí àtẹ́lẹwọ́ àti èrìgì ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Ó ku ọdún díẹ̀ kí a gba òmìnira. Káfíńtà ni mí ní Ṣómólú, a kò sì tíì fẹ́ra wa tó ọdún méjì. Ọmọ àwọn apẹja Ìlàjẹ ní Bàríga ni, ẹja ló ń yan tà. Ìyá rẹ̀ ní èéfín ẹja ló sọ ọ́ dúdú. Mo gbà bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èéfín kì í wọ ẹnu lọ kun èrìgì ènìyàn.

Kò pẹ́ tó fi ń rẹ̀ ẹ́ láti àárọ̀. Oúnjẹ kì í dúró nínú rẹ̀, iyọ̀ ló máa ń wù ú lá. Mo yọ̀, mo ní oyún ni. Mo kan ibùsùn ọmọ, mo ń fi han gbogbo oníbàárà mi. Oṣù ń lọ, ikùn kò yọ, ńṣe ló ń rù. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá kí wa láti Abúlé Òkúta, ó bá a níbi tó ti ń lá iyọ̀.

Ó sọ fún mi pé, “Iyọ̀ yìí ló ń gbẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.”

Àgbà ló sọ̀rọ̀. Mo kó iyọ̀ ilé, mo tì í mọ́ inú àpótí irinṣẹ́ mi.

Ìyàwó mi bẹ̀ mí, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi díẹ̀. Bí mo bá lá a ni mo fi ń lè dìde.”

Ohun tó bá dun ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni, ṣùgbọ́n mo ní kó ní sùúrù.

Lọ́jọ́ kẹta, ó ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Mo gbé e dé Onípanu kí n tó rí ọkọ̀ tó gbé wa lọ sí ọsibítù. Dókítà wo èrìgì rẹ̀ àti àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó bi mí bóyá ó ti húkọ́ pẹ́ rí. Mo ní ikọ́ ẹ̀gbẹ ṣe é nígbà èwe.

Dókítà ní, “Ohun kékeré kan wà lórí kíndìnrín kọ̀ọ̀kan nínú ara ènìyàn. Omi tó ń sun láti ara rẹ̀ ló ń jẹ́ kí iyọ̀ dúró nínú ara, òun ló sì ń gbé wa ró nígbà ìnira. Ikọ́ yẹn ló ti jẹ tirẹ̀ run. Iyọ̀ tó ń lá ló gbé e dé òní. Ṣé kò rí iyọ̀ mọ́ ni?”

Mo ní, “Èmi ni mo gbà á.”

Kò bá mi wí. Ìbá sàn kó bá mi wí.

Wọ́n fa omi iyọ̀ sí i lára, ó sì lajú lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí mo jẹ́wọ́ fún un, ó ní, “Ẹ̀yin náà kò mọ̀.” Kò sọ pé òun dárí jì mí, kò sì sọ pé òun kò dárí jì mí.

Oògùn tó lè rọ́pò omi ara tí dókítà sọ náà ti wà, ṣùgbọ́n òkè òkun ló ti ń wá. Oṣù márùn-ún la fi rí i lò. Nígbà tí oògùn náà wọ́n, ibà kan, irú èyí tó máa ń ṣe èmi tí n ó sì máa ṣiṣẹ́ lọ láì dùbúlẹ̀, ló mú un lọ láàárín ọjọ́ méjì.

Mo ti darúgbó báyìí. Ọmọbìnrin kan ládùúgbò wa ní irú àìsàn yìí. Ó ń lo oògùn rẹ̀ láràárọ̀, ó sì ń lọ síbi iṣẹ́. Bó bá ń kọjá, á kúnlẹ̀, á ní, “Ẹ káàárọ̀, Bàbá.” Mo máa ń dá a lóhùn, mo sì máa ń wò ó títí á fi yà ní kọ̀rọ̀. Kò mọ ìdí tí mo fi ń wò ó bẹ́ẹ̀, n kò sì tíì rí bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún un.