Àpótí Káàdì Kẹta ní Fìdítì

Ọjọ́ tí lẹ́tà dé pé ọ̀gá àyẹ̀wò ń bọ̀ láti Ìbàdàn ni mo mọ̀ pé iṣẹ́ fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Ó kù díẹ̀ kí àwọn ọdún 1980 parí nígbà náà, èmi ni mo sì ń tọ́jú yàrá ìkàwé kékeré kan ní Fìdítì. Ìwé kọ̀ọ̀kan ní káàdì tirẹ̀ nínú àpótí onígi mẹ́ta. Orúkọ ìwé àti ibi tó wà lórí pẹpẹ nìkan ni a gbọ́dọ̀ kọ sí i. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyẹn, mo sì le lórí ẹ̀.

Bàbá Ràfíù, àgbẹ̀ kan, ló da gbogbo ẹ̀ rú. Ó wá ìwé pẹlẹbẹ lórí àrùn ẹ̀gẹ́ títí ó fi ń làágùn, torí orúkọ Gẹ̀ẹ́sì tí ìjọba fún un kò yé e. Nígbà tó rí i, kí n tó yíjú, ó ti fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ sára káàdì: “Ẹ̀gẹ́ tí ewé rẹ̀ ń ká kò.”

“Bàbá, ohun ìní ìjọba lẹ bà jẹ́ yìí o!”

“Ìyá Bọ́lá, má bínú. Mi ò fẹ́ kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn jẹ ìyà tí mo jẹ.”

Inú bí mi, àmọ́ ta ni yóò bá àgbà jà? Kò pẹ́, àwọn yòókù náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ tiwọn. Tíṣà kọ, oníṣòwò kọ. Ẹlòmíràn á tilẹ̀ kọ ọ́ pé, “Ẹ wo káàdì àgbàdo náà.” Bí ẹ bá mú káàdì kan, yóò mú yín dé ibòmíràn.

Nígbà tí lẹ́tà yẹn dé, mo ra írésà láti fi pa ohun tí wọ́n kọ rẹ́. Mo pa ti inú àpótí méjì rẹ́ títí ọwọ́ fi ń ro mí. Kí n tó kan ìkẹta, ọ̀gá ti wọlé, ọjọ́ kan ṣáájú ọjọ́ tó dá! Àpótí kẹta gan-an ló ṣí.

“Ta ló kọ gbogbo èyí?”

“Àwọn tó ń wá kàwé ni, sà.”

Bó ṣe ń kà á lọ, ìyá kan já wọlé láti Akínmọ̀ọ́rìn. “Ẹ gbà mí o! Ewúrẹ́ mi méjì ti kú láti àná. Imú àwọn tó kù ń dà!”

Ọ̀gá ló dá a lóhùn. “Ẹ dúró ná, ìyá.” Ó fa káàdì kan yọ, ó kà á sókè: “Ewúrẹ́ tí imú ń dà. Ẹ ya èyí tó ń ṣàìsàn sọ́tọ̀, kí ẹ tètè lọ bá dókítà ẹran ní Ọ̀yọ́.” Mo sáré mú ìwé náà wá, mo ka ojú ewé kan fún ìyá, ó sì gbéra. Ẹ̀yìn ọ̀sẹ̀ kan ló padà wá dúpẹ́ pé mẹ́rin yè.

Lọ́jọ́ náà, bí ìyá ṣe jáde, ọ̀gá bọ́ awò ojú rẹ̀. “Ìwé kan náà wà ní ọ́fíìsì wa. Kò sẹ́ni tó rí i kà. Àpótí méjì yòókù ńkọ́?”

“Mo ti pa wọ́n rẹ́, sà.”

Ó mí kanlẹ̀. “Ẹ jẹ́ kí àwọn tó kọ wọ́n tún wọn kọ.”

Ọkàn mi balẹ̀ débi pé mo jókòó láìtọrọ àyè. Lọ́jọ́ kejì, Bàbá Ràfíù ló kọ́kọ́ dé, pẹ́ńsùlù lọ́wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín mi.

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Bọ́lá fi hàn mí bí ẹnikẹ́ni ṣe ń lẹ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ mọ́ àwòrán lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí ẹlòmíràn lè fi ọ̀rọ̀ náà wá a rí. Mo bi í bóyá ẹnì kan wà níbẹ̀ tó ń pa ọ̀rọ̀ wọn rẹ́. Ó ní ó wà. Mo ní kó bá mi sọ fún un pé kó gbé írésà sílẹ̀.