Ikùn Yó, Ara Ò Yó

Òórùn wàrà lẹ́búlẹ́bú tó jóná nísàlẹ̀ ìkòkò ló pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé ní Ìfọ̀nyìn láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Kò tíì pẹ́ tí àwọn Faransé gbé ìjọba lé wa lọ́wọ́, kàntíìnì tí wọ́n ti ń bọ́ wa nílé ìwé sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Kí Màdámù, olùkọ́ wa, tó jẹ́ ká fọwọ́ kan abọ́, ó gbé ẹ̀wà, ẹyin àti ẹja gbígbẹ sórí tábìlì, ó wá gbé ẹ̀kọ sápá kan.

Ó ní, "Ẹ̀kọ ń lé ebi lọ, ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí ló ń mú ọmọ dàgbà. Ọmọ tó bá ń jẹ ẹ̀kọ nìkan, irun rẹ̀ á pọ́n, ẹsẹ̀ rẹ̀ á wú, ó sì lè kú."

Bí àbúrò mi Mùfú ṣe rí gan-an nìyẹn. Láti ìgbà tó ti já lẹ́nu ọmú, ibi tí wọ́n bá gbé e kalẹ̀ sí náà ló ń wà títí di ìrọ̀lẹ́. Ìyá mi ń ru ẹrù àwọn oníṣòwò ní ẹnubodè Ìgòlò, bó bá ti dé, ẹ̀kọ ló máa ń pò mọ́ omi fún un, á ní, "Bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe." Mùfú ń yó lóòótọ́. Ẹ̀rín ni kì í rín.

Mo délé, mo sọ ohun tí mo gbọ́. Ìyá bàbá mi, tó ń pín oúnjẹ nílé wa, jágbe mọ́ mi: "Sàfú, ẹyin kẹ̀? Ṣé kí ọmọ lè di olè ni?" Bàbá mi ní kí n lọ pọnmi. Mi ò lọ. Mo ní, "Màdámù ní ọmọ tó bá rí bí Mùfú lè kú."

Bàbá mi mú pàṣán. Ìyá mi, tí òṣùká ṣì wà lórí rẹ̀, bọ́ sáàárín wa. "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Sàfú, ẹ fi í sílẹ̀. Ó ti rẹ̀ mí. Mi ò lè máa wo ọmọ yìí níran títí n ó fi sin ín."

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ìyá mi ò lọ sí Ìgòlò. Ó tẹ̀ lé mi, ó dúró lẹ́yìn fèrèsé, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ Màdámù fúnra rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti ń bó èèpo ẹ̀wà, tó ń sè é títí á fi rọ̀, tó ń gún ẹja gbígbẹ sí i. Ìyá àgbà ò bá a sọ̀rọ̀. Àfi lọ́jọ́ ọjà kan tó fi ẹyin bíbọ̀ sí Mùfú lọ́wọ́, ó ní, "Bó bá jalè, ẹ̀yin ni wọ́n á mú o." Ó pẹ́ kí Mùfú tó nàró, ṣùgbọ́n ó nàró. Ìlú Lagbé ló ti ń dáko báyìí.

Èmi náà di olùkọ́. Mo kọ́ àwọn ọmọ nípa oúnjẹ nílùú Tchaada àti ní Lagbé títí ohùn mi fi há. Lónìí, mò ń rí àwọn ọmọ tí wọ́n ń fi bisikíìtì àti omi aládùn tó gba ẹnubodè Ìdìróko wọlé jẹun àárọ̀, àwọn ìyá wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó ti rẹ̀ wọ́n kílẹ̀ tó mọ́. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Kí n tó lanu, ó ti rẹ èmi náà, mo kí wọn, mo kọjá. Ọmọ tí mo jẹ́ nígbà náà ò mọ̀ ju ohun tó gbọ́ láàárọ̀ kan ṣoṣo lọ, síbẹ̀, ó sọ ọ́.