Èéfín Àárọ̀ Ọjọ́ Kan ní Abúlé Adó

Òórùn táyà tó ń jó ni mo fi máa ń rántí Abúlé Adó. Àárọ̀ ni, oòrùn kò tíì mú, a sì to kámẹ́rà sí òpópónà kékeré kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún kọ́ lẹ́yìn tí iná páìpù epo jó àdúgbò náà. Ará Amẹ́ríkà ni ọ̀gá wa. Ó ti pẹ́ tó ti ń gbé fíìmù jáde fún àwọn ẹlòmíràn lọ́hùn-ún, àmọ́ èyí ni àkọ́kọ́ tí òun fúnra rẹ̀ máa darí. Gbogbo wa la mọ̀ pé bí kò bá dára, kò sẹ́ni tó máa tún gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lé e lọ́wọ́. Èmi ọmọ Festac nítòsí ibẹ̀ ni ògbufọ̀ rẹ̀.

Mo ti bẹ̀ ẹ́ pé ká kọ́kọ́ lọ láti ojúlé dé ojúlé, ká kí wọn, ká sọ pé táyà la fẹ́ jó, pé èéfín eré ni. Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló á sá. Olóríkunkun ọ̀gá mi kọ̀. Ó ní ojú ẹni tó ti mọ̀ kì í dáa nínú fíìmù, ẹ̀rù gidi lòun ń wá.

Ó sì rí i. Bí èéfín dúdú ṣe gòkè báyìí, ẹnì kan figbe ta pé, "Páìpù ti bẹ́ o!" Ni àdúgbò bá tú. Wọ́n ń fo gọ́tà, bàtà ń bọ́ lẹ́sẹ̀ wọn. Ìyá kan já síta, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń pe Jésù. Ó ṣubú níwájú kámẹ́rà, ó dìde, ó tún sá. Ọ̀rẹ́ mi, mo ń pariwo, "Eré ni o! Fíìmù ni!" títí ohùn mi fi há. Ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run, kò sẹ́ni tó kú.

Nígbà tí ara balẹ̀ díẹ̀, ìyá náà padà wá, orúnkún rẹ̀ ti bó. "Àǹtí, ẹ sọ fún òyìnbó yín kó fi fídíò yẹn hàn mí."

Ọ̀gá fi hàn án. Kí n má parọ́, n kò tíì rí àwòrán tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí, ọ̀gá náà sì mọ̀. Ìyá náà wò ó dé òpin.

"Bí mo ṣe sá lọ́jọ́ tí iná yẹn gba àkọ́bí mi nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kó pa á rẹ́."

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún ọ̀gá. Lẹ́yìn náà ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa á rẹ́ níṣojú ìyá náà.

Fíìmù náà jáde, kò sì tà. Mo gbọ́ pé ọ̀gá kò darí òmíràn mọ́. Èmi náà ti ń darí fíìmù báyìí, bí wọ́n bá sì bi mí pé ta ni ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, òun ni mo máa ń dárúkọ. Wọ́n á ní kí n sọ èyí tó dára jù nínú iṣẹ́ rẹ̀, kí àwọn lọ wò ó. Mo máa ń sọ fún wọn pé kò sẹ́ni tó lè rí i mọ́, inú mi sì dùn pé bẹ́ẹ̀ ló rí.