Aṣọ Ilé Ìwé Tí Wọ́n Fà Ya

Òórùn aró ló máa ń kọ́kọ́ kí èèyàn káàárọ̀ ní agboolé wa ní Ìtòkú. Bí o bá jẹ́ àlejò, wàá di imú, ṣùgbọ́n àwa tí wọ́n bí síbẹ̀ kì í tilẹ̀ gbọ́ ọ mọ́. Ìyá ọ̀rẹ́ mi wà lára àwọn aláró tó ń rẹ aṣọ níbẹ̀. Aró ti rẹ ọwọ́ wọn dúdú títí dé ìgúnpá. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi la jọ máa ń gun òkè lọ sílé ìwé láàárọ̀, a ó máa bi ara wa ní ìṣirò lọ́nà, òun ló sì máa ń borí. Ó ní dókítà lòun máa ṣe. Kò sẹ́ni tó fi í rẹ́rìn-ín, nítorí gbogbo wa la mọ̀ pé orí rẹ̀ pé.

A wà ní Fọ́ọ̀mù Tíríì, ọdún tí àwọn sọ́jà ń múra àtigbé ìjọba lé alágbádá lọ́wọ́, nígbà tí ọ̀rẹ́ mi ṣàdédé ga. Aṣọ ilé ìwé tó ń bò ó lórúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í sá gòkè. Ìyá rẹ̀ tú etí aṣọ náà sílẹ̀. Nígbà tí kò sí èyí tí wọ́n lè tú mọ́, wọ́n wá irú aṣọ kan náà, wọ́n fi ọwọ́ rán an mọ́ ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí a ti ń fọ̀ bọ̀ ti ṣá, tuntun sì ń dán, èèyàn á rí ojú ìránpọ̀ náà láti òkèèrè.

Láràárọ̀ ọjọ́ Ajé, gbogbo àwa ọmọbìnrin ní láti kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì níwájú àwọn ọmọkùnrin. Igbákejì ọ̀gá ilé ìwé, obìnrin bíi tiwa, á máa kọjá láàárín wa, wọ́n á máa wò ó bóyá etí aṣọ wa kan ilẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin á dúró, ṣòkòtò péńpé á fún mọ́ ọ̀pọ̀ wọn nítan. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ lẹ aṣọ mìíràn mọ́ ìdí ṣòkòtò tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan.

Lọ́jọ́ Ajé kan, igbákejì ọ̀gá dúró lórí ọ̀rẹ́ mi.

"Kí lo lẹ̀ mọ́ aṣọ yìí?"

"Ìyá mi ló bá mi rán an, mà. Ó kan ilẹ̀, mà."

"Ṣé mo bi ọ́ bóyá ó kan ilẹ̀? Irú yín ló ń da àwọn ọmọkùnrin láàmú!"

Igbákejì ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n di etí aṣọ náà mú, wọ́n sì fà á ya. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo kúnlẹ̀ sí, mo gbọ́ bí òwú ṣe ń já. Àwọn ọmọkùnrin bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀rẹ́ mi dìde láìgba àṣẹ. Kò pariwo.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ta ló ń wọn ṣòkòtò tiwọn?"

Ayọ̀ kan sọ nínú mi, mo rò pé igbákejì ọ̀gá máa dá a lóhùn ni. Àwọn tísà ọkùnrin ń wo bàtà ara wọn.

"Máa lọ sílé," ni igbákejì ọ̀gá wí. "O ò gbọdọ̀ padà wá láìmú bàbá rẹ dání."

Ewékorò, nílé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì, ni bàbá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí wọ́n dé lópin ọ̀sẹ̀, ìyẹ̀fun sìmẹ́ǹtì ṣì wà ní ìpéǹpéjú wọn. Èèyàn burúkú kọ́ ni wọ́n. Wọ́n fẹ́ràn ọmọ yìí. Mo bẹ ọ̀rẹ́ mi pé kó kàn tọrọ àforíjì, kó kúnlẹ̀.

"Mo kúnlẹ̀ tẹ́lẹ̀," ló dá mi lóhùn. "Orí ìkúnlẹ̀ ni wọ́n ti fa aṣọ mi ya."

Ọjọ́ tí àwọn òbí rẹ̀ lọ sílé ìwé, mo rí wọn bí wọ́n ṣe ń jáde ní ọ́fíìsì. Ìyá rẹ̀ ń tún gèlè wé.

"Ẹ dákun," ni wọ́n ń sọ fún ọkọ wọn, "ìbéèrè ni ọmọ yìí béèrè."

"Wọ́n ní ara ọmọ mi ń kó bá ọmọ ẹlòmíràn. Obìnrin ẹgbẹ́ rẹ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ta ni n óò wá pè lẹ́jọ́?"

Bàbá rẹ̀ mú un lọ sí Ewékorò. Kí òjò ọdún náà tó dá, a gbọ́ pé wọ́n ti fi í fún awakọ̀ kan tó ń kó òkúta láti fi ṣe aya. Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé ìlọ rẹ̀, a tún kúnlẹ̀. Kò sẹ́ni tó tún béèrè ohunkóhun.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, mo pàdé rẹ̀ níbùdókọ̀ Ṣàpọ́n, ó pọn ọmọ, òmíràn wà nínú rẹ̀. Ó béèrè àlàáfíà ìyá mi. Kò béèrè ilé ìwé, èmi náà kò sì lè dá ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní mọ́tò òun fẹ́ lọ.

Àwọn àgbà ní òótọ́ dọ́jà, ó kùtà. Èmi mọ̀ pé aṣọ tó bá kùtà, a ó ká a, a ó gbé e relé de ọjọ́ ọjà mìíràn. Ó pẹ́ tí mo ti rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni òótọ́ rí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó gbé òótọ́ ọjọ́ náà wá ti kúrò lọ́jà, kò sì sẹ́ni tó bá a ká a.